Ọgbà Ẹ̀fọ́ Àwẹ̀ró Tí Kòkòrò Kọ̀

Ní Ìdó-Odò, obìnrin tí kò bá ní ọgbà ẹ̀fọ́ lẹ́yìnkùlé, àlejò ni wọ́n ń kà á sí, ìbáà jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n bí ìyá ìyá rẹ̀ sí. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì pére, ìró ọkọ́ á gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé kan. Ẹni tó fẹ́ tẹ̀tẹ̀ á gbin tẹ̀tẹ̀, ẹni tó fẹ́ ṣọkọ á gbin ṣọkọ, gbúre sì wà fún ẹni tí kò fẹ́ wàhálà. Àwọn ọkùnrin lè máa fi iṣu yangàn títí. Ẹ ṣáà jẹ́ kí oṣù Èbìbí dé, kí iṣu àná tán nílé, kí tuntun má sì tíì ta, ẹ ó mọ ẹni tó ń bọ́ ẹbí.

Àṣà kan wà níbẹ̀ tí wọn kì í fi ṣeré. Ebè tó kángun sí ọgbà tó pààlà ẹ̀yìnkùlé, ti kòkòrò ni. Wọn kì í wọ́n eérú sí i, wọn kì í ṣa kòkòrò ara rẹ̀, wọn kì í já ewé rẹ̀ sọ́bẹ̀. Bí obìnrin bá ti ń gbìn ín, á bẹ̀rẹ̀, á ní: "Tèmi nìyẹn, tiyín nìyí, ẹ jẹ́ ká jọ jẹ ẹ́." Ó parí. Àwọn ọmọdé a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìyá àwọn ń bá tata sọ̀rọ̀, títí ọjọ́ tí àwọn náà á fi ní ọgbà tiwọn.

Àwẹ̀ró náà ní ọgbà tirẹ̀. Opó ni. Ọkọ rẹ̀ ti kú láti ọdún mẹ́ta, ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló sì fi sílẹ̀ fún un, Ṣíjúadé, ọmọ ọdún méje tí eyín iwájú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, tó bu pélé mẹ́ta mẹ́ta sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bíi ti baba rẹ̀. Obìnrin tó mọ iṣẹ́ ṣe ni Àwẹ̀ró, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú ju ọ̀bẹ lọ. Ohun tó bá ti rí ló ń sọ. Bó bá dun ẹni tó ń gbọ́, ìyẹn kò kàn án.

Ní ọdún tó ṣáájú èyí tí à ń wí yìí, kòkòrò ya bo ọgbà rẹ̀. Ó jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó bá igi ẹ̀fọ́ níhòòhò. Ti kòkòrò, ti èèyàn, wọ́n jẹ gbogbo rẹ̀ pátá. Ohun tó kù nílé kò ju èlùbọ́ ìsàlẹ̀ agbè lọ. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀ ọjọ́ ló jẹ́ pé omi gbígbóná àti iyọ̀ ni Ṣíjúadé ń mu kó tó sùn. Èèyàn lè dúró lókèèrè kó ka egungun àyà rẹ̀. Bí kì í bá ṣe ti Ìya Láwọyin, arúgbó tí ọgbà tirẹ̀ fara kan ti Àwẹ̀ró, tó ń já ewé díẹ̀díẹ̀ fún wọn lára tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ì bá di nǹkan mìíràn.

Nínú ìyà náà ni Àwẹ̀ró dúró sí láàárọ̀ ọjọ́ kan láàárín ọ̀pá ẹ̀fọ́, tó kígbe pe àwọn ará àdúgbò.

"Ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí o! Èmi tí mo gbìn, kòkòrò tó jẹ, ta ló jàre?"

"Ìwọ lo jàre," ni Ẹfúnyẹmí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gbé lódìkejì, dá a lóhùn. "Ṣùgbọ́n ta ni yóò lọ mú kòkòrò wá síwájú baálẹ̀?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Àwẹ̀ró kò rẹ́rìn-ín. Àyà ọmọ rẹ̀ ló ń wò. Ó fi ìka ìlábẹ̀ kan ilẹ̀, ó fi kan ahọ́n, ó nà án sókè, ó ní: "Kòkòrò kan kò tún ní bá èmi Àwẹ̀ró jẹun mọ́ láyé." Ìya Láwọyin gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn ọgbà, ó mirí. Ó mọ̀ pé ìbẹ̀rù ló sọ̀rọ̀, kì í ṣe ìgbéraga. Ìgbéraga ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ahoro kan wà lẹ́yìn ìlú, lójú ọ̀nà odò. Ilé Arẹwà ni wọ́n ń pè é. Ogiri rẹ̀ ti wó, àjà rẹ̀ ti jẹrà. Ohun tó kù níbẹ̀ ni igi méjìlá tó dúró sí àgbàlá, tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ wọn. Àwọn kan ga, àwọn kan kéré, èyí tó kéré jù nínú wọn kò ga ju ọmọdé lọ, kò sì ga sí i láti ìgbà tí àwọn tó darúgbó nílùú ti wà lọ́mọ ọwọ́. Wọn kì í mú nǹkan jáde níbẹ̀, ìbáà jẹ́ ìṣẹ́pẹ́ igi. Ẹni tó bá ń kọjá lọ sódò á kàn kígbe pé "Ẹ kú ilé o," á sì máa lọ. Kò sẹ́ni tó ń dúró gbọ́ èsì.

Bí ẹ̀ẹ̀rùn ṣe ń parí lọ, Àwẹ̀ró ń ti odò bọ̀ lọ́sàn-án kan. Gbogbo ewé inú igbó ni kòkòrò ti lu, tí tata ti gé létí. Ó wo inú ahoro. Ewé kan ṣoṣo kò lu níbẹ̀. Àtorí igi, àtorí koríko ilẹ̀, gbogbo rẹ̀ ń dán. Àwẹ̀ró gbé omi kalẹ̀. Kò kí ẹnikẹ́ni, ó wọlé. Ó bẹ̀rẹ̀, ó bu ilẹ̀ ibẹ̀ sọ́wọ́: ilẹ̀ dúdú, kò ní òkúta, kò ní ekòló, kò ní eèrà kan ṣoṣo.

Ní ọjọ́ kejì, lọ́sàn-án gangan tí gbogbo èèyàn wà lóko, ó kó agbọ̀n méje níbẹ̀. Ìgbà tó kọ́kọ́ fi ọkọ́ kan ilẹ̀, igi méjèèjìlá mi ewé lẹ́ẹ̀kan náà, afẹ́fẹ́ kò sì fẹ́. Ó ní ẹyẹ ni. Ó wòkè, kò rí ẹyẹ. Agbọ̀n keje ló wà lórí rẹ̀, ó ti ń jáde lọ, ìgbà tó gbọ́ ohùn jẹ́jẹ́ kan nítòsí etí rẹ̀ tó ní, "O kú ilé." Kò yíjú padà. Ó ní etí òun ló ń hó nítorí ẹrù. Ṣùgbọ́n ìgbà tó da ilẹ̀ náà sí ẹ̀yìnkùlé tó fi ọwọ́ tẹ́ ẹ, ó lọ́wọ́ọ́rọ́ bí ẹ̀yìn ọmọ tó ń sùn.

Òjò rọ̀. Àwẹ̀ró tú ilẹ̀ náà sórí gbogbo ebè, ó gbin ẹ̀fọ́ tirẹ̀ sórí gbogbo rẹ̀, títí kan èyí tó kángun sí ọgbà. Kò sọ ọ̀rọ̀ kankan sí ẹnikẹ́ni tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́fà rìn.

Ìya Láwọyin na ọrùn lórí ọgbà. "Àwẹ̀ró ọmọ mi, o kú iṣẹ́ o. Ebè wo wá ni tiwọn?"

"Wọ́n ti jẹ ti ọdún yìí mọ́ ti èṣí, Ìyá. Ẹ ò rí wọn ni?"

"Mo rí wọn. Ṣùgbọ́n a kì í tìtorí pé àlejò jẹun jù ká mọ ẹnu ọ̀nà dí."

"Èmi ti mọ tèmi dí," ni Àwẹ̀ró wí, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ní ọjọ́ kẹta, ẹ̀fọ́ ti hù. Ní ọjọ́ kẹwàá, ó dé orúnkún. Tẹ̀tẹ̀ pọ́n nídìí, ó fẹ̀ lójú. Ṣọkọ dúdú mìnìjọ̀. Ewé ẹ̀fọ́ igbá tóbi débi pé èèyàn lè fi bo àwo. Kò sí ojú ihò kan lára wọn. Àwọn obìnrin ń wá láti ìsàlẹ̀ ìlú láti wá wò ó.

"Haà! Ìyá Ṣíjúadé, kí lò ń fún ẹ̀fọ́ yìí jẹ?" ni Ẹfúnyẹmí bi í.

"Ọwọ́ mi ló dára," ni Àwẹ̀ró dáhùn. Ìgbà náà ni ìgbéraga tí mo wí wá dé. Ó kọjú sí ọgbà Ìya Láwọyin. "Ìyá, ẹ má bínú o, àmọ́ ẹ̀fọ́ tiyín ti di asẹ́. Ṣé ẹ ó jẹ ẹ́ ni, àbí ẹ ó fi sẹ́ ògì?"

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Ìya Láwọyin náà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Asẹ́ yìí kan náà ni mo fi bọ́ yín léṣìí." Ojú ti Àwẹ̀ró díẹ̀, ó wo ibòmíràn.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá pẹ́ nínú ọgbà náà kì í gbádùn ara rẹ̀. Ẹ mọ bí ẹ̀yìnkùlé ṣe máa ń rí lákòókò òjò: ìrẹ̀ ń han, oyin ń kùn, ẹyẹ ń jà lórí ìbẹ́pẹ tó pọ́n. Kò sí ìkankan níbẹ̀. Bí èèyàn bá gba ẹnu ọgbà wọlé, ariwo ayé á dá lójijì. Àgbébọ̀ adìyẹ tó ń kó ọmọ kiri á dé etí ebè, á dúró, á kó ọmọ rẹ̀ padà. Ewúrẹ́ Ẹfúnyẹmí, olè paraku tó ń jẹ aṣọ lórí okùn, gbé imú sí tẹ̀tẹ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, ó sì fi ẹ̀yìn rìn jáde. Àwọn obìnrin tí wọ́n já lára rẹ̀ ní kò rọ nínú agbọ̀n. Ti inú ìkòkò ló tilẹ̀ ya Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Ta ni kò mọ̀ pé ẹ̀fọ́ ẹ̀kún apá kan kì í ju ẹ̀kún ọwọ́ kan lọ bó bá jinná? Ti Àwẹ̀ró kì í sún kì. Bó ṣe wọ inú omi gbígbóná ló ń ṣe wà níbẹ̀, ní tútù yọ̀yọ̀.

Àwọn yòókù jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, wọn kò béèrè mọ́. Àwẹ̀ró fẹ́ràn ata àti ilá tirẹ̀ lọ́tọ̀, díẹ̀ ló ń tọ́ wò. Ṣíjúadé ló ń jẹ ẹ́ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ìyá rẹ̀ ń dunnú. Ọmọ tó gbẹ bí ìgbálẹ̀ léṣìí ti sanra, ara rẹ̀ ń dán, irun rẹ̀ kún. Yànmùyánmú kì í jẹ ẹ́. Lákòókò òjò, tí gbogbo ọmọ ìlú ń họra bí ajá, ara Ṣíjúadé mọ́ tónítóní. Àwẹ̀ró a máa gbé ẹsẹ̀ ọmọ náà han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀: "Ẹ wá àpá kan ṣoṣo níbẹ̀ fún mi." Àpá ibi tó ti ṣubú lórúnkún pàápàá ti parẹ́. Ẹnu Àwẹ̀ró kò sinmi lórí ẹwà ọmọ yìí, kò sì fura pé ó ti pẹ́ díẹ̀ tí òun ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kẹ́yìn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń bọ́jú ọmọ náà níta. Oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ. Ó fi ọwọ́ omi nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó nu ti òsì. Ó tún fi ọwọ́ nu ti ọ̀tún. Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Pélé kò sí níbẹ̀ mọ́. Ilà mẹ́ta ọ̀tún, ilà mẹ́ta òsì, ilà baba rẹ̀, ilà tí wọ́n fi abẹ kọ, tí òun fi omi ìgbín wẹ̀ fún odidi oṣù kan, gbogbo rẹ̀ ti lọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà ń dán bí ewé tuntun.

"Ṣíjúadé," ni Àwẹ̀ró pè. "Ṣé nǹkan kan ń ṣe ọ́?"

"Rárá, Ìyá. Nǹkan kan kì í ṣe mí mọ́."

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó wá ọmọ nínú ilé, kò rí i. Ó bá a láàárín ọgbà, ó dúró gbọnrangandan lórí ebè, ọwọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó kọjú sí ọ̀nà odò. Gbogbo ewé ọgbà náà ló tẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀. Oòrùn wà lókè, ṣùgbọ́n kò sí ewé kan tó kọjú sí oòrùn.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀ yẹn?"

"Mo dúró ni, Ìyá. Ó dùn. Wọ́n ní kí n má mira."

"Àwọn wo?"

"Àwọn ará ilé," ni ọmọ náà wí. "Wọ́n kí ọ. Wọ́n ní o kú ilé."

Orí Àwẹ̀ró wú. Ó sáré wọlé, ó yọ àdá, ó padà dé, ó sì gé tẹ̀tẹ̀ tó sún mọ́ ọn jù lulẹ̀. Ṣíjúadé kò kígbe. Ó kàn wí jẹ́jẹ́ pé, "Ìyá, ẹsẹ̀ mi." Àwẹ̀ró wo ẹsẹ̀ náà. Ojúgun ọmọ ti là. Ẹ̀jẹ̀ kò jáde níbẹ̀. Ohun tó ń jáde mọ́ gaara bí omi ara ewé.

Àdá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ọmọ sẹ́yìn, ó fò kọjá ọgbà lọ bá Ìya Láwọyin, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀. "Ìyá, ẹ gbà mí! Ọmọ mi ń lọ o! Ẹ má wo ti ẹnu burúkú mi!"

Arúgbó náà wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ, ó wo ojúgun rẹ̀. "Níbo lo ti bu ilẹ̀, Àwẹ̀ró?"

Àwẹ̀ró na ọwọ́ sí ọ̀nà odò.

Ìya Láwọyin jókòó lórí àpótí rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. "Bí ìyá ìyá mi ṣe sọ ọ́ fún mi ni mo ṣe ń sọ ọ́ fún ọ. Àwọn ará ilé yẹn kì í fún kòkòrò ní ebè. Wọn kò fẹ́ kí ohunkóhun jẹ ewé wọn, wọn kò fẹ́ kí ohunkóhun jẹ àwọn náà. Ẹwà wọn kò lẹ́gbẹ́. Àpá kò sí lára wọn, ìrora kò sí, ewú kò sí. Wọ́n jáde sí àgbàlá lọ́sàn-án ọjọ́ kan láti dúró nínú oòrùn, wọn kò sì wọlé mọ́. Èèyàn méjìlá ni wọ́n, Àwẹ̀ró. Èyí tó kéré jù, ọmọ ọdún méje ni."

Àwẹ̀ró ké bí ẹni tí wọ́n gún lọ́bẹ. "Ẹ jẹ́ kí n sun ọgbà náà níná!"

"Àdá ńkọ́, kí lo rí? Bí o bá sun ún, ta lo sun? Ẹnu kan ṣoṣo ló lè jẹ ewé yẹn tí kò ní dun ọmọ, ẹnu tí wọ́n dá fún iṣẹ́ náà sì ni. Ẹni tí o lé ni yóò gbà ọ́. Hú ẹ̀fọ́ orí ebè kòkòrò tòun ti gbòǹgbò, má gé e, tún un gbìn sórí ebè mìíràn, kí o sì kó ilẹ̀ tí kì í ṣe tiwa kúrò níbẹ̀. Bu ti ẹ̀yìnkùlé mi sí i, kí o sì gbin àwọn asẹ́ mi síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, lọ bẹ kòkòrò. Fi ọwọ́ ara rẹ kó wọn. Bí wọ́n bá sì dé, ohun yòówù tí wọ́n bá jẹ, má gbọ́wọ́ sókè."

Bẹ́ẹ̀ ni Àwẹ̀ró ẹlẹ́nu mímú ṣe gbé igbá lọ láti ojúlé dé ojúlé ní Ìdó-Odò. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní kòkòrò."

Ẹfúnyẹmí rẹ́rìn-ín débi pé ìró rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tú. "Kòkòrò kẹ̀? Ìwọ Àwẹ̀ró?" Ó wá wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ẹ̀rín náà gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Kò béèrè mọ́. Òun náà bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa kòkòrò onírun lára gbúre, ó ń mú tata lábẹ́ ewé ilá, ó ń kó wọn sínú igbá. Odidi ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ṣe é. Àwẹ̀ró ń kó wọn dé, ó ń tò wọ́n sára ẹ̀fọ́, wọ́n ń já bọ́. Àwọn tí kò já bọ́ ń wọ́ padà sí ọgbà Ìya Láwọyin. Ṣíjúadé sì ń pẹ́ sí i lórí ebè. Bí ìyá bá gbé e wọlé, bó bá yíjú báyìí, ọmọ á ti padà síbẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, lọ́sàn-án gangan, Àwẹ̀ró fẹ́ gbé e, kò lè gbé e. Ẹsẹ̀ ọmọ náà ti wọ ilẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, kò ṣẹ́jú. "Ìyá," ni ọmọ náà wí, ètè rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má mì, "ó kù díẹ̀."

Àwẹ̀ró wó lulẹ̀ síwájú ebè tó kángun sí ọgbà, níbi tí ẹ̀fọ́ oníhò Ìya Láwọyin gbé dúró wọ́rọ́wọ́rọ́. Ó fi iwájú orí kanlẹ̀. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ẹ̀yin tí mo lé, mo jẹ̀bi yín. Ebi ọmọ ló bà mí lẹ́rù, mo sì rò pé èmi nìkan ni ebi ń pa. Ebè yín nìyí. Tèmi nìyẹn, tiyín nìyí, ẹ jẹ́ ká jọ jẹ ẹ́. Bí ẹ bá sì fẹ́ tèmi náà, ẹ jẹ ẹ́ tán! Ẹ ṣáà fi ọmọ mi sílẹ̀ fún mi!"

Kòkòrò aláwọ̀ ewé kan wà lórí ewé oníhò tó wà níwájú rẹ̀, kò gùn ju ìdajì ìka lọ. Ó gbé orí sókè bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Ó wọ́ sọ̀ kalẹ̀, ó gba inú poro kọjá, ó gun tẹ̀tẹ̀ ńlá kan, ó sì gé etí ewé rẹ̀ jẹ.

Gbogbo ewé ọgbà náà mí lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tó ń kérora. Nígbà náà ni wọ́n dé. Wọ́n ń ti abẹ́ ọgbà wọlé, wọ́n ń ti inú koríko orí òrùlé bọ́ sílẹ̀, wọ́n ń fò láti ojú ọ̀nà: tata, ìrẹ̀, kòkòrò onírun, ìgbín tí kì í jáde nínú oòrùn. Ìró jíjẹ wọn dà bí òjò lórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àwọn obìnrin tó wà nítòsí sá wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Àwẹ̀ró rí oúnjẹ ọdún rẹ̀ bó ṣe ń lọ lójú rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì há abíyá, kó má baà gbé wọn sókè.

Ìjàlọ ló dé kẹ́yìn. Ìlà dúdú kan gba àárín ebè, wọn kò wo ewé, wọn kò wo igi. Ẹsẹ̀ Ṣíjúadé ni wọ́n ń lọ bá. Àwẹ̀ró fò dìde.

"Má ṣe!" ni Ìya Láwọyin ké láti ẹ̀yìn ọgbà. "Àwẹ̀ró, má gbọ́wọ́ sókè!"

Ìjàlọ wọ inú ilẹ̀ nídìí ẹsẹ̀ ọmọ náà. Àwẹ̀ró bu ètè ara rẹ̀ jẹ, kò gbọ́wọ́ sókè. Lójijì, Ṣíjúadé la ẹnu.

"Yéè! Ìyá! Nǹkan ń jẹ mí o! Nǹkan ń jẹ mí lẹ́sẹ̀!"

Ó fa ẹsẹ̀ yọ, ó ń fò, ó ń jó, ó ń sunkún bí ọmọ gidi. Ìyá rẹ̀ gbá a mọ́ra, ó ń já ìjàlọ lára rẹ̀, wọ́n ń jẹ òun náà, kò tilẹ̀ mọ̀. Ó yí àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ náà wò. Okùn tín-ín-rín funfun bí irun arúgbó kún ibẹ̀, ìjàlọ sì ti gé gbogbo rẹ̀ kù bí ìka ọmọ ọwọ́. Ojúgun tó là ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ pupa. Kí oòrùn tó rẹlẹ̀, ewé kan kò kù nínú ọgbà náà, àfi ti ebè tó kángun sí ọgbà. Àwọn kòkòrò kò fọwọ́ kan tiwọn.

Ní àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ kejì, Àwẹ̀ró ru ilẹ̀ ahoro padà, agbọ̀n méje géérégé, Ẹfúnyẹmí ń ràn án lọ́wọ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà lákọ̀ọ́kọ́, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ilé o." Kò sí ohùn tó dáhùn. Ìgbà tó da agbọ̀n tó kẹ́yìn sílẹ̀, ó wo igi tó kéré jù nínú àwọn méjìlá. Ihò kan wà lára ewé rẹ̀. Ẹyọ kan péré, kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Àwẹ̀ró sọ pé igi náà rọra mì, bí ọmọ tí ara ń yún. Ẹfúnyẹmí ní òun kò rí i. Ẹfúnyẹmí ti sá dé ojú ọ̀nà nígbà náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àwọn obìnrin wá kí i kú àjálù. Olúkúlùkù mú ẹ̀fọ́ díẹ̀ lọ́wọ́, ẹ̀fọ́ oníhò, ẹ̀fọ́ tí a gé létí. Wọ́n bá Àwẹ̀ró lórí ẹní, Ṣíjúadé wà lórí itan rẹ̀, pélé mẹ́ta mẹ́ta hàn lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fírífírí. Ọmọ náà ń ráhùn, ó ń họ apá.

"Ìyá, yànmùyánmú jẹ mí."

Àwẹ̀ró gbé apá náà sókè. Ó wo ibi tó wú bí ẹ̀wà kan ṣoṣo, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì fi ẹnu kò ó. Àwọn obìnrin ń wo ara wọn.

Ẹfúnyẹmí kó ẹ̀fọ́ tirẹ̀ kalẹ̀. Ó wo ọ̀pá ẹ̀fọ́ tó kù lẹ́yìnkùlé. "Ìyá Ṣíjúadé, léṣìí, o ní ká bá ọ dá ẹjọ́. Ó tún ṣẹlẹ̀ lọ́dún yìí, ó sì ju tèṣí lọ. Kí ni ká wí? Ta ló jàre?"

Àwẹ̀ró kò ronú rẹ̀ rárá. "Kòkòrò jàre," ló wí. "Èmi ni mo ní kí ewé dára ju bó ṣe yẹ lọ." Ó mú ẹ̀fọ́ asẹ́ Ìya Láwọyin láti inú agbọ̀n, ó gbé e sókè, oòrùn gba ojú ihò rẹ̀ tàn sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ ẹ sínú ìkòkò.

Ọ̀rọ̀ tó sọ lórí ẹní lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kò kúrò nílẹ̀ mọ́. Àwọn obìnrin gbé e lọ sí ọgbà wọn, àwọn àgbà gbà á lẹ́nu wọn, òun náà sì ni wọ́n ń pa lówe títí dòní pé: Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́ jàre ẹ̀fọ́, ìwọ̀n lewéko ń dára mọ.